Ẹ Dúró, A Ó Pè Yín

Ọkùnrin náà dúró níwájú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń mì lórí omi, ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ mọ́ nini, ó sì ń bá èrò mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kó àádọ́rùn-ún lọ sí ìlú òyìnbó.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ káàbọ̀ sínú ọkọ̀ yìí. Àràròmí là ń lọ, ogójì ìṣẹ́jú la ó lò, ojú ọjọ́ sì dára. Ẹ jọ̀wọ́, kí kálukú so jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó le. Màmá, ẹ so tiyín náà."

Màmá tó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ lé itan pòṣé. "Ẹja mi ńkọ́? Ṣé òun ò ní wọ jákẹ́ẹ̀tì ni?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Moríkẹ́, tó ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí afárá pákó Abereke, rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà gbórí sókè láti wá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó rí i. Ìwé tó fi ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já sómi, kò tiẹ̀ mọ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù Moríkẹ́ ní Abereke. Iná ìjọba ò dé ibẹ̀, sólà rẹ̀ ni gbogbo ìlú fi ń ṣáàjì fóònù. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni òpó gíga kan wà, ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa. Ẹni tó bá ń retí ìpè, Moríkẹ́ á kó fóònù rẹ̀ sínú àpò àwọ̀n, á fi okùn fà á lọ sórí òpó. Èyí tí kò bá retí ìpè, pípa ló ń pa á, kí sólà lè tó gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kọ̀ náà wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì na fóònù rẹ̀ sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rárá. Tí mo bá wà lórí omi, wọn ò lè rí mi bá sọ̀rọ̀."

"Ta ló fẹ́ pè yín tó bẹ́ẹ̀? Ìyàwó?"

"Ẹni tó ní òun á pè ni."

"Ìyàwó náà kúkú nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ni. Páílọ́ọ̀tì ni mí."

Moríkẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀, ó rí òróró ẹ́ńjìnnì tó dúdú ní èékánná rẹ̀. "Páílọ́ọ̀tì Àràròmí," ló wí, ó sì gba fóònù.

Òótọ́ lọkùnrin náà sọ. Adégbóyè lorúkọ rẹ̀, ọmọ Abereke tó ti kékeré lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ó kọ́ iṣẹ́ bàálù wíwà, ó gba ìwé ẹ̀rí, iléeṣẹ́ kan fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó yege. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i kò gùn: "Ẹ ti yege. Ẹ dúró, a ó pè yín." Oṣù kẹwàá rèé. Àwọn bàálù tuntun tí iléeṣẹ́ náà ń retí kò tíì dé, èèyàn ò sì lè wa bàálù tí kò sí. Àwọn mẹ́tàlélógún ló wà lórí ìdúró. Adégbóyè ni ẹni kejìlá. Ẹni kọkànlá, Muzammil ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń kọ́ àwọn ọmọléèwé ní ìṣirò n'Ílọrin. Adégbóyè ní òun ò lè máa káwọ́ gbera, ló bá wálé wá ń wa ọkọ̀ bàbá kékeré rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Moríkẹ́ kan ìṣó kan sára ògiri fún fóònù rẹ̀ nìkan, bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí òpó láti ṣáàjì. Ó sì kọ gbogbo ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò lára ẹ́ńjìnnì sórí páálí, ó fi ọ̀rá wé e.

"Èyí ò ní mu omi," ló wí. "Tó bá tún bọ́ lọ́wọ́ yín, á léfòó."

"Ta ló ní ó máa tún bọ́? Ẹ kàn má rẹ́rìn-ín tí mo bá mú un dání."

Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé, tí á béèrè pé, "Ṣé wọ́n pè?" Moríkẹ́ á ní, "Wọn ò pè." Lákọ̀ọ́kọ́, ojú Adégbóyè á fà ro. Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹ̀rín ló fi ń béèrè. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó ti ń gbàgbé láti béèrè. Pùpùrú àti ẹja tútù ni wọ́n jọ ń jẹ lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, tí ó ń sọ fún un bí ìkùukùu ṣe rí téèyàn bá wò ó láti òkè. "Ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó yí padà.

"Moríkẹ́ mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "ọpẹ́ ni mò ń dú báyìí. Ká ní wọ́n tètè pè mí ni, ǹ bá ti máa fò kọjá lórí Abereke, mi ò ní mọ̀ pé o wà nísàlẹ̀."

Moríkẹ́ fi eegun ẹja lé e lọ́wọ́ pé kó lọ dà á nù, nítorí kò fẹ́ kó rí ojú òun. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló dá mọ̀ nínú gbogbo ọkọ̀ Abereke.

Bàbá tó bí Moríkẹ́, Bàbá Ọlọ́rundáre, apẹja àtijọ́ tí gbogbo etí òkun ń bọ̀wọ̀ fún, kò rí i bẹ́ẹ̀. Kingsley tó ń kan ọkọ̀ ni ọkàn tirẹ̀ fà sí fún ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, ọmọ gidi ni Adégbóyè."

"Èmi ò ní kì í ṣe ọmọ gidi. Mo ní ó ń dúró ni. Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ kì í tú ẹrù rẹ̀. Òkun ti gba ilé lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sún sẹ́yìn tí mo tún un kọ́. Tí òfúrufú bá wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ibo ni n ó sún sẹ́yìn sí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Moríkẹ́ lára, kò sì jáde mọ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ohùn Muzammil dé sórí fóònù, tó ń pariwo bí ẹni tí iná jó: "Gbóyè, wọ́n ti pè mí o! Ìwọ ló kàn!" Adégbóyè gbé Moríkẹ́ sókè, ó fi í pòòyì lórí afárá. Ẹnu nìkan ni Moríkẹ́ fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tí ọkọ̀ ti lọ sí Àràròmí, Moríkẹ́ sọ fóònù Adégbóyè kalẹ̀ láti orí òpó, ó sì pa á. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oòrùn ò mú, pé sólà ò lágbára. Irọ́ ni. Oòrùn ń jó bí iná. Ó fi fóònù náà kọ́ ìṣó, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, Bàdírátù wọlé. Oníṣòwò edé ni, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lókè òkun, fóònù tirẹ̀ kì í sì í kúrò lórí òpó. Ọmọ náà ti pè láàárọ̀, Moríkẹ́ ló ránṣẹ́ sí ìyá náà.

"Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san rere, Moríkẹ́," Bàdírátù wí. "Ìpè ọmọ mi ni oúnjẹ mi. Mo mọ̀ pé tó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, kò lè bọ́."

Bó ṣe jáde ni Moríkẹ́ bú sẹ́kún. Ó tan fóònù náà, ó fà á lọ sórí òpó, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ìpè mẹ́ta ló ti kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan sì wà níbẹ̀: "Inú wa dùn láti sọ fún yín pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Ẹ pè wá kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó pe ẹni tó tẹ̀lé yín." Ọ̀rọ̀ Muzammil tẹ̀lé e: "Gbóyè, níbo lo wà?"

Aago mẹ́ta ti fẹ́ lù. Adégbóyè kò ní kúrò ní Àràròmí títí aago márùn-ún. Moríkẹ́ pe ẹni méjì tó mọ̀ níbẹ̀, kò wọlé. Ó sáré lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sí Àràròmí. Wọ́n ti pè é."

Bàbá wò ó. Ó ju àwọ̀n sílẹ̀, ó sì fa okùn ẹ́ńjìnnì.

Àárín omi ni Moríkẹ́ ti jẹ́wọ́. "Bàbá, èmi ni mo pa á láàárọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á mú un lọ."

"Èmi ni mo fi ẹ̀rù yẹn sí ọ nínú," Bàbá wí. "Àmọ́ ẹni tó bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbé irú ìròyìn yìí lọ fún olólùfẹ́ rẹ̀, ìfẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe eré. Di pákó mú." Ó sì fún ẹ́ńjìnnì níná débi pé omi ń fọ́n lù wọ́n lójú.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n gúnlẹ̀. Adégbóyè rí i tí Moríkẹ́ ń sáré bọ̀ nínú iyanrìn, tó gbé fóònù sókè, ó mọ̀ kó tó débẹ̀. Ó pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Èmi ni. Mo gbà. Ẹ ṣeun, ma. Ẹ ṣeun." Ó dọ̀bálẹ̀ fún fóònù náà tán kó tó mọ̀ pé iyanrìn ti kún ẹnu òun.

Moríkẹ́ ò jẹ́ kó dìde tán. "Gbóyè, èmi ni mo pa á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni."

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó nu iyanrìn kúrò lẹ́nu. "Ó dùn mí," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ." Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ta ló tún un tàn?"

"Èmi ni."

"Ta ló gbé e la omi kọjá wá?"

"Èmi àti Bàbá."

"Ìyẹn ni n ó máa rántí, olólùfẹ́ mi." Ó mú un lọ́wọ́, wọ́n jọ lọ bá arúgbó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Ọlọ́rundáre gbọn omi kúrò ní fìlà rẹ̀. "Tí bàálù bá gbé ọ lọ, ṣé wàá máa bọ̀?"

"Màá máa bọ̀, Bàbá."

"Tí o bá balẹ̀ níbikíbi, ṣé wàá pè é?"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá balẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa. O ti yege." Bàbá dé fìlà rẹ̀. "Dúró. A ó pè ọ́."

Àwọn èrò tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Bàbá kò rẹ́rìn-ín rárá.

Adégbóyè ra fóònù mìíràn, ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Moríkẹ́. Oṣù mẹ́rin ló fi gba ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó pè láti Àbújá, ó pè láti Ẹnúgu, ó pè láti Kánò níbi tó ti balẹ̀ nínú eruku. Bàbá á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àmọ́ bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, á wọ́ ẹsẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ó ti balẹ̀?" "Ó ti balẹ̀, Bàbá." "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Á sì yí padà lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejìlá, Bàbá gun afárá pákó wá pẹ̀lú aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun fúnra rẹ̀ ló tú okùn, tó sọ àpò àwọ̀n kalẹ̀ láti orí òpó. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ní kí Moríkẹ́ bá òun wá nọ́ńbà náà, ó sì gbé fóònù létí bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Ṣé Adégbóyè nìyẹn? Inú wa dùn láti sọ fún ọ pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Fèsì kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó pe ẹni tó tẹ̀lé ọ. Kingsley ṣì ń kan ọkọ̀ níbí o."

Ariwo tó jáde nínú fóònù náà mú kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà ní èbúté yíjú padà. "Mo gbà o, Bàbá! Mo ti fèsì! Ẹ má pe ẹnì kankan mọ́!"

Bàbá na fóònù sí ọmọ rẹ̀, ojú tirẹ̀ náà ti rin. "Gbà. Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́."

Moríkẹ́ gbé e sétí, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Moríkẹ́ mi? Ṣé o wà níbẹ̀? Àbí o ti pa fóònù?"

"Mo wà níbí," ló wí, omi ọpẹ́ ń dà lójú rẹ̀. "Mi ò pa á."