Ẹrù Kẹrin

Ọjọ́ tí bàbá yín àgbà kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, ìborùn mi ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìborùn búlúù tí iná jó létí ni, gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé tèmi ni.

Mi ò mọ̀wé púpọ̀. Bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọdún yẹn ni odò kún tó wọ ilé àwọn ará ìsàlẹ̀. Obìnrin mọ́kànlá péré ni wá nínú ẹgbẹ́ àwa obìnrin oko. A máa ń di ẹrù: aṣọ ìbora, ọṣẹ, iyọ̀, irúgbìn. Ẹnì kan á gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé tí ìyà dé bá, nígbà tí onílé bá ti jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé e kò gbọdọ̀ sọ pé òun ni, kí ojú má baà ti ẹni tó gbà á. Ẹni tó bá sọ, ó ti jáde lẹ́gbẹ́ nìyẹn.

Ilé Káfíńtà ni wọ́n yàn fún mi. Omi ti gbé gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ku òun àti ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó máa ń sùn lọ́sàn-án lẹ́bàá fèrèsé. Àpò ti tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ni mo bá fi ìborùn mi di ẹrù. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Káfíńtà bá mi nídìí kànga.

"Mo mọ ẹni tó ni èyí," ó ní, ó ń fọwọ́ pa etí ìborùn náà. "O ṣeun. Mi ò mọ̀ pé o ti ń wò mí."

"Mi ò mọ ohun tí ò ń sọ."

"Tóò. Ṣé kí n máa lò ó lọ nígbà náà?"

"Máa lò ó."

Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó rán an níṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa. Á kí mi, á pè mí ní àyànfẹ́, á ní kò sẹ́ni tó rántí òun nínú ìyà àfi èmi. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ mi lójú. Bí mo bá sọ òótọ́ pé ẹgbẹ́ ló rán mi, ojú á tì í, n ó sì jáde lẹ́gbẹ́. Bí n kò bá sọ, irọ́ ni mo fi ń gba ìfẹ́. Èmi fúnra mi ńkọ́? Ṣé àánú ló ń ṣe mí ni, àbí kí ni? Bó bá pẹ́ kó tó dé, ara mi ò ní lélẹ̀. Bó bá dé, màá fẹ́ kó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó dúró bíi bàbá fún mi, fárígá. "Káfíńtà tí kò ní òòlù! Kí ló fẹ́ fi kọ́lé fún ọ, ìkúùkù?"

Mo gbé ẹrù kejì. Mo gbé ẹ̀kẹta. Ó parí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí ara mi tí mò ń di ẹrù. Aṣọ ìbora tèmi, ọṣẹ tèmi, àti òòlù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Mo gbé e karí. Àfi bí mo ṣe pàdé Ìyá Alága ẹgbẹ́ wa lọ́nà.

"Ilé yẹn ti pé mẹ́ta," ó ní. "Ta ló rán ọ?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀? Ẹsẹ̀ rẹ mọ̀, ó ń sáré." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Gbọ́ mi, ọmọ yìí. Èyí tí ẹgbẹ́ ò rán ọ, òfin ẹgbẹ́ ò kàn án. Sọ èyí tó bá wù ọ́ níbẹ̀."

Ó wà nílé. Lẹ́nu ọ̀nà ló jókòó sí, ìborùn wà lórí itan rẹ̀.

Mo ní, "Èyí, èmi ni mo gbé e wá. Èmi ni mo ni í."

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn láti ojú fèrèsé: "Ojú ni mo máa ń dì, ìyàwó mi, mi ò sùn. Gbogbo ilé àdúgbò yìí ló gba mẹ́ta mẹ́ta. Mo ti sọ fún un pé ti ẹgbẹ́ ni."

Káfíńtà wá gbójú sókè. "Láti àná ni mo ti jókòó síbí. Mo ní bí ẹ̀kẹrin ò bá wá, màá dá ìborùn rẹ padà, màá sì gbẹ́nu mi dákẹ́."

Ó tú ẹrù. Ó rí òòlù. Ọkùnrin náà sunkún.

Òòlù yẹn ló fi kan ilẹ̀kùn tuntun fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. "Ó dáa," ó ní, "ẹ máa lọ." Nígbà tí a fi ṣègbéyàwó, ẹgbẹ́ wa ti di obìnrin mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Àwọn tí a gbé ẹrù fún ló wọlé wá gbé fún ẹlòmíràn. Ìyá ọkọ mi ló ṣáájú wọn; ó ń jókòó rán àpò.

Bàbá yín àgbà ti lọ báyìí, ìborùn ti padà sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀ ń bi mí ọjọ́ tí ìfẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò mọ̀ títí dòní. Ìgbà tí n ó fi mọ̀, ó ti wà lórí mi, mo sì ti ń rù ú lọ.