Ọjọ́ Tí Jumadi Kó Àwọn Síkáótù Wọ Odò Wuluh

Láyé ìgbà yẹn, tí ọ̀sán Jímọ́ bá ti ń rọlẹ̀, kò sí ìyá kan nílùú Ngasinan tó lè rí ọmọ rán níṣẹ́ mọ́. Gbogbo wọn á ti wọ aṣọ síkáótù wọn tó dà bí àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n á ti so ìborùn pupa-òun-funfun mọ́ ọrùn, ó di pápá ilé ìwé. Orin tí wọ́n ń kọ tó láti jí ẹni tó kú lánàá. Òbúkọ kan tiẹ̀ wà nílùú tó máa ń dúró ṣánṣán tí wọ́n bá ti ń fa àsíá sókè. Ẹni tí ò bá gbà á, kó lọ bi òbúkọ.

Ayé dùn nígbà yẹn. Wọ́n á fi ọparun ṣe afárá lórí kòtò. Wọ́n á wọ́ nínú ẹrọ̀fọ̀ oko ìrẹsì títí èèyàn ò fi ní mọ ọmọ ẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á se ìrẹsì nínú ọparun, ìsàlẹ̀ á jóná, òkè ò ní jinná, wọ́n á sì jẹ ẹ́ bíi pé ààfin ni wọ́n ti gbé e wá.

Jumadi lọ̀gá gbogbo ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún péré ni, àmọ́ tó bá ń sọ ohun tójú ẹ̀ ti rí, ẹ ó rò pé ó ti lo igba ọdún láyé. Ó ní òun lè fi okùn so ẹfọ̀n mọ́ òjìji ara ẹ̀. Ó ní òun máa ń gbọ́ òórùn òjò láti ìlú kejì. Ẹ̀gbọ́n làwọn ọmọ ń pè é, torí bí síkáótù ṣe ń pe ẹni tó bá ń kọ́ wọn nìyẹn, ì báà má tíì hu irùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, nínú oṣù kejì ọdún, tó jẹ́ ìgbà òjò lọ́dọ̀ wọn, tí òjò kì í dá, wọ́n fẹ́ ṣe eré ìtọpa. Láti ìdájí ni Jumadi ti ń to òkúta sójú ọ̀nà, tó ń so koríko ní kókó, kí ọ̀wọ́ méjì lè máa tọ̀ ọ́ lọ. Àmì náà sọ̀ kalẹ̀ wọnú odò Wuluh, ó gba àárín omi lọ síbi tí Ẹ̀gbọ́n Hartini, tíṣà wọn, ti ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ sísun. Òfin eré náà ò ṣòro: ibi tí àmì bá ní kó o gbà ni wàá gbà. Ọ̀wọ́ tó bá yà ti pàdánù.

Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ti kọjá. Jumadi ló ń kó ọ̀wọ́ kejì, ọmọ mẹ́sàn-án. Létí odò, wọ́n bá Ìyá Ngatirah, tó ti ń kó yanrìn nínú odò yẹn kí wọ́n tó bí Jumadi. Ó ti kó apẹ̀rẹ̀ ẹ̀ jáde, ó jókòó sókè.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Inú odò ni, Ìyá. Ẹ wo oòrùn. Ojú ọ̀run mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀."

"Èyí tó wà lórí ẹ lò ń wò. Ibẹ̀ kọ́ ni odò yìí ti ń gba omi. Wo orí òkè."

Òjò ti ṣú bo òkè ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ìyá, ọwọ́ mi yìí ni mo fi to àmì yẹn. Mo ti rin odò yìí tó ẹgbẹ̀rún ìgbà. Àwọn ẹja ibẹ̀ mọ orúkọ mi."

Wening, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹja wo? Ìjẹta lẹ já sí kòtò iwájú ilé wa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Jumadi wọ eegun. "Ẹ wọ̀ ọ́," ló wí.

Wọ́n wọ̀ ọ́. Omi ò kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n di okùn kan mú, wọ́n ń kọrin, orin náà sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn odò mọ́. Jumadi dúró létí omi, ó ń wò wọ́n bí ọba tó ń wo ọmọ ogun.

Ìyá Ngatirah fà á láṣọ. "Wo omi yẹn dáadáa. Láàárọ̀, mò ń rí ìka ẹsẹ̀ mi nínú ẹ̀. Ó ti wá dà bíi kọfí onímíliìkì. Ewé tó sì ń bọ̀ yẹn, ewé tútù ni. Atẹ́gùn ò fẹ́ níbí, ta ló já a? Tí àwa oníyanrìn bá ti rí èyí, a ti mọ̀ pé omi ńlá ń bọ̀ nìyẹn, a kì í dúró mú ṣọ́bìrì."

Jumadi wo ewé náà. Ó rántí pé tóun bá kó wọn jáde, ọ̀wọ́ kejì ti pàdánù nìyẹn, wọ́n á sì fi òun ṣẹlẹ́yà títí ìrẹsì á fi gbó. Ibi tó ti ń rò ó ló ti rí Wening. Omi ti dé orúnkún ọmọ náà.

Ó fọn fèrè. "Ẹ jáde. Apá ọ̀tún, ẹ gun òkè. Ẹ ju báàgì sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, àmì ní ká máa lọ tààrà," Wening wí. "Tá a bá yà, a ti pàdánù."

"Èmi ni mo ṣe àmì yẹn. Irọ́ ló ń pa. Jáde."

Ó bọ́ sínú omi, ó ń ti àwọn tó kéré jù sókè, Ìyá Ngatirah ń fi ọwọ́ oníyanrìn ẹ̀ fà wọ́n bí ẹni ń fa iṣu. Ọmọ tó kẹ́yìn ò tíì mí délẹ̀ tí odò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù bí ogún ọkọ̀ akẹ́rù. Omi dé, tòun ti igi, tòun ti òkúta. Báàgì wọn lọ, ìrẹsì wọn lọ.

Tí Jumadi bá ń sọ ọ́, omi náà ga tó igi àgbọn méjì. Ìyá Ngatirah ní kò ju àyà àgbàlagbà lọ. Àmọ́ nínú ọmọ mẹ́sàn-án yẹn, kò sí èyí tó ga dé àyà àgbàlagbà.

Ẹ̀gbọ́n Hartini sáré dé láìwọ bàtà. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ti jáde lọ́dọ̀ ẹ̀ kí omi tó dé. Ó ka mẹ́sàn-án, ó tún un kà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Jumadi, ìwọ lo rí i pé omi ń bọ̀?"

Àǹfààní ńlá nìyẹn fún Jumadi láti pa irọ́ tó lè máa fi yangàn títí ayé.

"Rárá o. Ìyá ni. Èmi ò rí nǹkan kan."

Jumadi ti bímọ mẹ́ta báyìí. Lọ́sàn-án Jímọ́, tó bá gbọ́ orin láti pápá, ọkàn ẹ̀ ṣì máa ń fà sí ẹrọ̀fọ̀ yẹn àti ìrẹsì tó jóná. Àwọn ọmọ ẹ̀ náà ń lọ. Àmọ́ kò sí olórí síkáótù tó ń kó ọmọ lọ sí ìtòsí odò ní Ngasinan mọ́ tí ò kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn oníyanrìn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n síkáótù, ẹ má dá eré àwọn ọmọ dúró, àmọ́ ẹ má kó wọn wọnú odò nígbà òjò. Oòrùn tó ń ràn lórí yín ò ní kí òjò má rọ̀ lókè odò. Ẹ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó yan ọ̀nà. Ẹ fi àgbàlagbà kan tó ní fóònù sókè odò, kó máa ṣọ́ ọ. Tí omi bá yí àwọ̀ padà, tó ń gbé ewé tútù àti igi wá, tàbí tó ń bú ramúramù láti òkèèrè, ẹ gun òkè lójú ẹsẹ̀, ẹ má padà wá mú ẹrù. Àmì tí èèyàn bá fọwọ́ ṣe, èèyàn lè yí i padà. Ọmọ tó bá pàdánù eré lónìí, á tún wá ṣeré ní Jímọ́ tó ń bọ̀.