Báńdéèjì Orúnkún Ọ̀tún

Kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní yàrá ìtọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣí sílẹ̀ gbayawu láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Fáìlì gbogbo wọn pé, àyàfi ti Kendrell Bascomb. Tiẹ̀ ti dàwátì.

Ìròyìn burúkú kejì wà nínú ìwé ìròyìn. Verna Stovall kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣe ọlọ́pàá ní Alabama kó tó di olùwádìí fún kọ́lẹ́jì Tallow Creek, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ bàjẹ́ sí ohun tó kà. "Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń mójú tó Bascomb sọ fún wa pé orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń di báńdéèjì mọ́ ọn níbi ìdánrawò. Kò lè pẹ́ lórí pápá." Wọn ò dárúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn ọmọ kọ́lẹ́jì tí wọ́n fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Àjèjì kì í wọ ibi ìdánrawò yẹn. Àgbà mẹ́ta péré ló ń mójú tó Kendrell níbẹ̀: Harlan Dace, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, Pruitt, igbákejì rẹ̀, àti Ozzie Lund tó ń tọ́jú ara àwọn ọmọ náà.

Verna lọ bá ọmọ náà níbùgbé wọn. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ ń gbé sórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, tọ̀tún á wá bá a níbẹ̀ kó tó tún sún. 

"Ṣé ìwọ lo mú fáìlì ẹ?"

"Èmi kẹ̀, Màmá Verna? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti àárọ̀, fóònù mi ò dún rárá!"

"Tí wọn ò bá wá yàn ẹ́ ńkọ́?"

"Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún yíyàn náà, Ma. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ò lè padà wá gbá bọ́ọ̀lù níbí mọ́. Mọ́mì mi sì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì."

Pruitt ni Verna kọ́kọ́ fura sí. Òun àti Kendrell ti tahùn síra wọn lójú gbogbo ènìyàn nínú oṣù kẹwàá.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, àbí?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, Ìyáàfin Stovall. Ó bú mi, mo bú u padà, ó parí. Èmi tí mo ní kí wọ́n máa di..." Ó yára pa ẹnu dé. "Ẹ lọ bi Ozzie."

Tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì Pruitt. Dace ni wọ́n ń fi hàn lórí ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí ọmọ bíbí inú mi ni Kendrell ṣe rí," ló ń wí. "Ara ẹ̀ le koko. Ẹgbẹ́ tó bá mú un, orí ló bá wọn ṣe é."

Inú bùùtù ọkọ̀ Ozzie ni Verna ti bá fáìlì náà. Àgbàlagbà náà bú sẹ́kún.

"Èmi ni mo gbé e pamọ́ nígbà tí mo ka ìwé ìròyìn. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Òsì ni, Verna! Orúnkún òsì ló ń dùn ún. Ọ̀tún tó pé ṣáṣá là ń dì."

"Nítorí kí ni?"

"Kí àwọn alátakò lè máa kọ lu èyí tó le lọ́jọ́ ìdíje. Pruitt ló dá a lábàá. Èmi, òun, àti ọmọ náà nìkan la mọ̀."

Àtẹ̀gùn yẹn padà wá sí Verna lọ́kàn: ẹsẹ̀ tó ń dunni lèèyàn máa ń kọ́kọ́ gbé sísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ òótọ́, òsì ló máa sọ. Ẹni tó bá ka fáìlì, òsì náà ni. Ẹni tó sọ ọ̀tún, báńdéèjì nìkan ló rí, láti òkèèrè.

Ilé-ìṣọ́ irin kan wà létí pápá. Orí ẹ̀ ni Dace máa ń jókòó sí bíi tàwọn kóòṣì ayé ìjọ́un, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ títí ìdánrawò á fi parí. Verna gùn ún, ó ń mí hẹlẹ. Láti òkè yẹn, kò dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀. Báńdéèjì funfun tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ nìkan ló ń hàn.

"Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ pe oníwèé ìròyìn. Ozzie àti Pruitt mọ̀ pé òsì ló ń dùn ún. Ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó síbí, tẹ́ ẹ̀ ń wo báńdéèjì."

Dace bọ́ fìlà. "Òsì kẹ̀?" Ó fi fìlà náà sórí orúnkún. "Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń yin gbogbo ọmọ tí mo bá rán jáde. Àwọn tó ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́ ńlá ò gbà mí gbọ́ mọ́. Wọ́n ní kí n sọ àìdáa ẹnì kan, káwọn lè mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ lórí àwọn yòókù. Ọmọ mẹ́rin míì ló wà lọ́wọ́ mi, Verna. Mo fi ọ̀kan ra mẹ́rin."

"Ẹ ò tiẹ̀ tijú! Ẹ tún wà nínú tẹlifíṣàn, ẹ̀ ń pè é lọ́mọ! Màá sọ fáyé pé ọ̀tún ò ṣe nǹkan kan."

"Sọ ọ́. Wọ́n á bi ẹ́ pé kí ló dé tí wọ́n fi ń dì í."

 Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, pé òsì ló ń dùn ún, ìyẹn ló sì máa pa ọmọ náà lára jù. Kendrell fúnra ẹ̀ di ọwọ́ Verna mú nígbà tó gbọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn: "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá Verna, ẹ má sọ ọ́."

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n pe orúkọ tó kẹ́yìn. Wọ́n pe àwọn mẹ́rin tí Dace wí. Wọn ò pe Kendrell. Nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀, adìyẹ díndín ti tutù, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ò sì mọ ibi tí wọn ì bá wò.

Ìyá náà fi táwẹ́ẹ̀lì wé yìnyín, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀. "Orúnkún burúkú yìí ló ṣe wá báyìí. Gbé e wá, ọmọ mi, ó máa san."

Kendrell wo Verna tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.  Ọmọ náà rọra na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ìyá rẹ̀.