Igun Tí Ẹ̀rọ Náà Kì í Gbá

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi fi sílẹ̀ tún ti gùn sí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka àwọn àmì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, nítorí ojú mi kì í ṣe ojú àná mọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ iye wọn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Méjìlá ti kún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí mi ti ń dàrú. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà nínú yàrá ọmọ mi, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò ọkọ mi tó ń tún rédíò ṣe ló bá wa rà á. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é, torí ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí a bá tẹ bọ́tìnnì tó ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ náà lákọ̀tun, á gbá gbogbo inú ọpọlọ rẹ̀ mọ́, àfi igun kékeré kan tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ kì í dé. Àádọ́wàá lẹ́tà péré ni igun náà lè gbà. Ó so bátìrì mọ́ ọn, kí ohun tó bá wà níbẹ̀ má baà pòórá bí iná bá lọ.

Igun yẹn ni èmi àti Màmá Kékeré fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Màmá Kékeré ni a ń pe ọmọ mi, torí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń bá àgbà wí ni. Kọ́là aṣọ ni mo ń rán nílé iṣẹ́. Kí n tó wọlé, ó ti sùn, kí ó tó jí, mo ti jáde. Á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "MAAMI, E KO FO ABO YIN." Èmi náà á dáhùn pé, "E JOO MA, E DARI JI MI." Ẹ̀rọ náà kò mọ àmì ohùn, lẹ́tà gàdàgbà nìkan ló mọ̀. Òfin kan ṣoṣo la ní, òun ló sì ṣe é: ẹni tó bá kà á gbọ́dọ̀ pa á rẹ́, kó sì dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa bèèrè ẹni tó lè ṣe àfikún iṣẹ́. Mo nawọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni èémí ọmọ mi há. Àwọn aládùúgbò sáré gbé e lọ sí ọsibítù. N kò bá a láyé. Nígbà tí mo padà sílé, ohun tí mo bá nínú igun náà ni: "MAAMI, MO TI JEUN. MO N DURO."

N kò pa á rẹ́. Ìyá wo ló lè pa á rẹ́?

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ náà bá pé, Eyínfúnjowó máa ń wá pààrọ̀ bátìrì. Á kọ́kọ́ so tuntun mọ́ ọn kí ó tó tú ti tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ọmọ náà má baà wà láìsí iná fún ìṣẹ́jú kan. Kì í wo tẹlifíṣọ̀n; ó ní ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni. Èmi nìkan ni mo máa ń wò ó, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí mo sì ń rí i pé àmì ìdánudúró tó wà lópin rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo rò pé ogbó ẹ̀rọ ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kó wá wò ó.

"Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi tí n kò lè tẹ nọ́ńbà fóònù láìṣì í?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìka kà wọ́n títí ó fi dé mẹ́tàdínlọ́gọ́jọ. Ó ṣírò rẹ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọdún mẹ́tàlá, oṣù mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ, àti ẹyọ kan tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀.

"Bátìrì tó ń kú kì í ṣe báyìí," ó rọra sọ. "Jágbajàgba ló máa ń kọ. Ẹni tó jókòó síbí ló ń tẹ èyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Àyè márùn-ún ló kù kó kún."

"Tó bá kún ńkọ́?"

Ó yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

Ọmọ ní òun ń dúró, ìyá rẹ̀ sì ń kà á láti ọdún mẹ́tàlá láìfèsì! Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì ìparẹ́.

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ná," ó ní.

"Èyí tí mo bá kọ sínú ìwé, ọwọ́ mi ni. Èyí, ọwọ́ tirẹ̀ ni."

Mo pa á rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó ku orúkọ tó fi ń pè mí, mo dijú. Mo wá kọ ọ́ pé, "MO TI DE, OMO MI. MA BINU."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ṣí yàrá náà. Bí mo ṣe jókòó sórí àga rẹ̀, tìmùtìmù orí rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Mo tan tẹlifíṣọ̀n.

"OMO YEN TI SUN TIPE. EMI NI MO N DURO. E MA PA INA."

Mo kà á títí ẹnu mi fi gbẹ. Èyí tí mo pa rẹ́ lánàá kò sí níbòmíràn láyé mọ́.

Ọwọ́ mi lọ síbi wáyà bátìrì, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ilé dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Omi ń kán nínú ilé ìwẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Mo mú ọwọ́ kúrò.

Ìrọ̀lẹ́ ni Eyínfúnjowó pè mí lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, ara mi kò balẹ̀. Ẹ bá mi fa wáyà yẹn yọ, nítorí Ọlọ́run."

"Mo ti fà á yọ."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Mo ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń tẹ nǹkan."

Mo rọra pa ilẹ̀kùn yàrá náà dé.

"Òjò ni," mo dá a lóhùn.