Awakọ̀ Tó Gbá Àbúrò Mi Létí

Ọjọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ pàdé ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà gbá a létí. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé mo rí ojú ìka mẹ́rin lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé ẹni tó ṣe èyí, èmi àti ẹ̀ ò ní jọ jẹun láyé.

Èmi ni mo tọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi sì ti pé ogún. Aránṣọ ni mí. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, a sì jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan: èmi níwájú, òun lẹ́yìn, kọ́tìnì kan láàárín wa.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí, kì í lépa obìnrin. Ọkọ̀ ojú irin ló ń lépa. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, á lọ dúró níbi kọ́nà tí irin ti yí gba abẹ́ afárá, á máa ya fọ́tò ọkọ̀ ẹrù tó bá ń kọjá. Ó ní ìwé kan tó ń kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan sí, bí ẹni ń kọ orúkọ ọmọ. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ọkọ Rélùwéè.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó dúró síbi tó máa ń dúró sí, lẹ́yìn òkúta ààlà, lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń gbà. Ọkọ̀ yọ ní kọ́nà. Fèrè rẹ̀ dún, kò sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni búrèkì han, iná ń ta lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, títí gbogbo rẹ̀ gbọọrọ fi dúró. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀. Obìnrin ni, nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó ń rìn bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán lógun. Àbúrò mi ṣì ń wá bó ṣe máa kí i káàárọ̀ nígbà tí ọwọ́ bà á.

“Tó bá wù ọ́ láti kú, lọ wá ọkọ̀ ẹlòmíì.”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá a sọ nìyẹn. Àbúrò mi dá a lóhùn pé ẹ̀yìn ààlà lòun wà, pé ọ̀nà gbogbo èèyàn ni, kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ti kẹ́yìn sí i. Kámẹ́rà ti já sórí òkúta, dígí ojú rẹ̀ ti là.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ rélùwéè fi ọgbà irin dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà pa. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé awakọ̀ àwọn ti fẹjọ́ sùn, pé ẹnì kan ń gun orí irin láti ya fọ́tò. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà yẹn làwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé, òun làwọn aláìsàn ń gbà lọ sí kílíníkì. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún di ogójì.

Kò sẹ́ni tó bínú sí rélùwéè. Àbúrò mi ni wọ́n bínú sí. Oníbúrẹ́dì tó wà lójúkojú wa ò dáhùn kíkí mi mọ́. Àwọn oníbàárà wá kó aṣọ tí mo ti gé, wọ́n ní àwọn máa rán an níbòmíì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá a tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn wa pé kí Ọkọ Rélùwéè kó lọ sílé ìyàwó rẹ̀.

Àbúrò mi ní ká fi sílẹ̀. Èmi ni mo ní rárá. Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí káńsù, tí mo ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà wa, kí wọ́n sì bá mi bi awakọ̀ yẹn léèrè ẹni tó rán ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́.

Káńsù rán ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta wá wo ibẹ̀. Lọ́yà rélùwéè wá, awakọ̀ náà wá, bàbá rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Awakọ̀ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yẹn, fìlà iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Alága ní kí obìnrin náà fi ibi tí onífọ́tò dúró sí han àwọn.

“Orí irin ló wà,” ó ní. “Mo rí i.”

Mo sọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ náà. Mo ní ẹnu tó ń parọ́ báyìí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Bàbá rẹ̀ ní kí n mú ahọ́n mi dání, pé àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣe eré ọmọdé ló ń ba ayé awakọ̀ jẹ́. Alága là wá, ó sì dá ìjókòó kejì sí oṣù méjì.

Nígbà tí à ń padà sílé ni àbúrò mi wí pé, “Àǹtí, obìnrin yẹn ò parọ́. Nǹkan kan ló rí.”

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó dákẹ́ fún mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, ọjọ́ pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ. Àbúrò mi lọ dúró de obìnrin náà ní ibùdókọ̀ rélùwéè, ní ìdí àga gígùn tó wà níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: ẹsẹ̀ òun wo ló wà lórí irin, ọ̀tún ni àbí òsì? Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ àbúrò mi méjèèjì. Ó wá pè é ní òmùgọ̀, ó ní kó kúrò níwájú òun kóun tó pe ẹ̀ṣọ́. Ní Sátidé kejì, ó tún rí i níbẹ̀, ó sì tún bú u. Ní ẹ̀kẹta, obìnrin náà jókòó tì í.

Ó sọ fún un pé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ní kọ́nà yẹn gan-an, ọ̀dọ́kùnrin kan dúró sáàárín irin, ó kẹ́yìn sí ọkọ̀, ó ń ya fọ́tò ara rẹ̀.

“Ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù ẹ̀,” ó ní. “Mo ti tẹ búrèkì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní kọ́nà yẹn, òun ni mò ń rí.”

Ilé iṣẹ́ fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n dá a padà sídìí ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó gbé e mì, pé awakọ̀ tó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó sì gbé e mì. Àbúrò mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún, ọ̀tá rẹ̀.

Wọn ò torí ẹ̀ ṣíwọ́ ìjà. Obìnrin náà ní àwọn onífọ́tò rò pé ohun ìṣeré lọkọ̀ ojú irin. Àbúrò mi ní àwọn ará rélùwéè rò pé àwọn ni wọ́n dá ilẹ̀. Obìnrin náà ń pè é ní Ọ̀daràn. Àbúrò mi ń pè é ní Awakọ̀ mi. Ìjà ọ̀hún dùn mọ́ wọn lẹ́nu débi pé tí Sátidé bá ti ku ọjọ́ méjì, àbúrò mi á ti máa lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Níkẹyìn, obìnrin náà ló wí i: “Ọ̀daràn, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, inú sì ń bí mi pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ.”

Ṣẹ́ẹ̀tì lílọ yẹn ló tú àṣírí wọn. Mo tẹ̀ lé e, mo sì bá wọn lórí àga gígùn yẹn, wọ́n ń mu tíì nínú ife kan. Ara mi gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Àdúgbò ń fi wá ṣẹ̀sín, ọ̀nà ṣì wà ní títì, òun wá ń bá ẹni tó tì í mu tíì. Mo padà sílé, mo gbé ìbínú mi pa mọ́.

Nígbà tí ìjókòó kejì ku ọjọ́ mẹ́fà, obìnrin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi ti gbé ẹ̀rọ kan lọ fún oníbàárà ní ìlú kejì. Ó kí mi dáadáa. Ó ní òun fẹ́ yí ẹ̀rí òun padà níwájú ìgbìmọ̀, bó tilẹ̀ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, òun sì fẹ́ kí àbúrò mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Ó yẹ kí n fún un lága. Ohun tí mo sọ nìyí: “Àbúrò mi ti ní ẹni tó fẹ́ fẹ́. Ó kàn ń ṣeré ìfẹ́ pẹ̀lú ẹ kó o lè yí ẹnu padà ni.”

Ojú rẹ̀ ò yí. Ó ṣáà ń wo kọ́tìnì tó wà lẹ́yìn mi.

“Ẹ ṣé, mà,” ó ní, ó sì jáde.

Ní Sátidé, àbúrò mi lọ síbùdókọ̀, kò rí i. Wọ́n ní ó ti ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ọ̀nà ibòmíì. Ó padà wálé, ó jókòó ti ẹ̀rọ kan tó tú sílẹ̀, kò sì tò ó. Ó bi mí bóyá ẹnì kan wá a wá. Mo ní rárá.

Ọjọ́ ìjókòó pé. Gbọ̀ngàn káńsù kún, nítorí gbogbo àdúgbò fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa rí ọ̀nà wọn gbà. Mo ti rò pé obìnrin náà ò ní wá, tàbí tó bá wá, á fi ìbínú jẹ́rìí takò wá. Ó wọlé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ó dúró níwájú, kò wo apá ọ̀dọ̀ wa.

“Ẹ̀yìn òkúta ló wà,” ó ní. “Kò fẹsẹ̀ kan irin. Ẹlòmíì ni mo rí, ẹni tí mo ti fi ọkọ̀ pa.”

Bàbá rẹ̀ dìde, ó sì jáde. Lọ́yà rélùwéè bi í bóyá ẹnì kan ló tàn án láti yí ẹ̀rí padà.

“Ẹnì kan tàn mí,” ó ní. “Ó fi ìfẹ́ tàn mí. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí òkúta kúrò níbi tó wà.”

Àbúrò mi yí ojú sí mi. Ó mọ̀ mí láti kékeré, kò tilẹ̀ bi mí ní nǹkan kan. Mo dìde nígbà tí obìnrin náà ń jáde, àbúrò mi sì tẹ̀ lé mi. Mo sáré bá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì sọ ọ́ níwájú wọn méjèèjì pé irọ́ ni mo pa, pé kò sí ẹlòmíì, pé àbúrò mi ò mọ̀ pé ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́. Àbúrò mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi kó irin iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Fún oṣù mẹ́rin, kò bá mi sọ̀rọ̀. Káńsù pàṣẹ, wọ́n wó ọgbà irin, ọ̀nà ṣí. Àwọn oníbàárà kó aṣọ wọn padà wá, oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bẹ̀ wá. Rélùwéè gba ọkọ̀ ẹrù lọ́wọ́ obìnrin náà, wọ́n fi í sí ọgbà tí wọ́n ń to ọkọ̀ òfìfo sí. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó, àmọ́ bàbá rẹ̀ ti ní òun ò ní yọjú.

Èmi ni mo lọ bá bàbá yẹn. Kò ní kí n jókòó. Ó ní fọ́tò àbúrò mi ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ òun, pé òun ò fẹ́ rí i, òun ò sì fẹ́ rí mi.

Mo ní, “Bàbá, mo ti kórìíra ọmọ yín kẹ́ ẹ tó kórìíra àbúrò mi. Mo parọ́ láti yà wọ́n. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni irọ́ mi fi dúró. Ta ló wá kù sí mi nílé báyìí? Kò sẹ́nì kankan.”

Ó yí ojú sí tábìlì rẹ̀. Àga mẹ́rin ló wà nídìí tábìlì, abọ́ kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀.

“Màá wá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé màá rẹ́rìn-ín.”

Mo ní kò sẹ́ni tó ní kó rẹ́rìn-ín.

Ó wá lóòótọ́, kò sì rẹ́rìn-ín. Lórí bẹ́ǹṣì ìta kóòtù ìgbéyàwó ni èmi àti ẹ̀ jókòó sí, a fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín, ẹnikẹ́ni nínú wa ò wo èkejì. Àbúrò mi kí mi, “Ẹ káàárọ̀,” bí ẹni ń kí àjèjì. Kí wọ́n tó pè wọ́n wọlé ni ìyàwó tẹ ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ya. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Mo yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì mi, mo sì kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Ó jẹ́ kí n rán an díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, kí àwọn tó kù má baà gbọ́.

“Àǹtí, mi ò tíì dárí jì yín o.”

“Mo mọ̀,” mo ní. “Yí díẹ̀.”

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi kó má baà ṣubú, ó sì yí.