Aṣọ Tí Wọ́n Fi Bo Tábìlì Òfìfo

Kọ̀ǹpútà ti lọ. Aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó nìkan ló kù lórí tábìlì, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa, wọ́n sì ká igun rẹ̀ sábẹ́.

Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni gbogbo ìròyìn àtijọ́ ìwé ìròyìn orí ayélujára kan ládùúgbò wà. Wọn kì í ta ìwé ìròyìn náà. Ìtọrẹ aráàdúgbò ló ń gbé e ró. Akọ̀ròyìn wọn fẹ́ fi àwọn ìròyìn náà kọ ìtàn iléeṣẹ́ wọn. Òun ló sì ti ilẹ̀kùn lánàá, ni gbogbo wọn bá ń wò ó bí olè.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n pè wá. Àwọn tó ń fi ìbéèrè jẹun, wọn ò fẹ́ dáhùn ìbéèrè.

"Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn?"

"Èmi ni, mà." Akọ̀ròyìn ju báàgì rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. "Ṣé torí mo ti ilẹ̀kùn ni mo ṣe di olè? Ó ti sú mi o!"

Ẹni tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe ń jẹ búrẹ́dì, èérún ń já sórí kíbọọ̀dù. "Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ní kọ́kọ́rọ́. Èmi kọ́ o."

Ẹnì kẹta ni Olóòtú, bàbá tó dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni," ó ní, "àmọ́ mi ò lè bá ọmọ ọlọ́mọ búra." Bó ti ń sọ̀rọ̀, ó gbé báàgì náà kúrò, ó fa aṣọ bo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ká igun rẹ̀ sábẹ́.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ibo lẹ gbé e sí?"

"Kí ni?"

"Olè wo ló ń bo tábìlì òfìfo kí eruku má bà á? Nínú àwọn méjì yìí, ọ̀kan ń ju báàgì sórí ẹ̀rọ, èkejì ń da èérún sórí kíbọọ̀dù. Ọwọ́ yín ló ti mọ́ lára."

Olóòtú jókòó gbì. "Ó wà nínú búùtù ọkọ̀ mi. Lọ́dún àkọ́kọ́, a kọ ọ́ pé bíríkìlà kan ló fa ògiri iléèwé tó wó. Irọ́ ni. Ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀, àmọ́ mi ò tún un ṣe, mo kàn yọ ọ́ kúrò lórí ayélujára. Ọkùnrin náà ò ríṣẹ́ ṣe mọ́. Tọ́mọ yìí bá kọ ìtàn wa, á rí i nínú kọ̀ǹpútà."

"Ẹ wá ń wò mí níran, kí wọ́n máa pè mí lólè?" Inú bí akọ̀ròyìn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Olóòtú na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sí i.

Akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀ lọ gbé kọ̀ǹpútà náà wọlé, ó tàn án.

"Ṣé bíríkìlà yẹn ṣì wà láyé?"

"Ẹ̀yìnkùlé wa níbí ló ń gbé."

"Ẹ lọ pè é wá, Bàbá. Ojú rẹ̀ lẹ ó ti sọ ọ́. Èmi á máa tẹ ìròyìn àtúnṣe náà."