Káàdì Ara Fíríìjì Kẹta

Omi lásán ni wọ́n bá nínú ìgò mẹ́fà tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ wà.

Ìkùukùu òwúrọ̀ ti gòkè láti etíkun, ó bo fèrèsé ilé àyẹ̀wò, gbogbo yàrá sì funfun bí inú àlá. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dúró ti àpótí òtútù tí wọ́n kó àwọn ìgò náà sí, ó ń kun orin ìsìn kan lábẹ́nu. Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni. Wọ́n ń pè é ní Pẹ̀lẹ́ nítorí olè pàápàá kì í gbọ́ ohùn líle lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì fojú kan oorun láti ìjẹta tí ibà àjèjì ti dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n yìí, òun ló kọ́kọ́ tọ́jú àwọn tí ibà náà mú. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ìgò tó sọnù.

Àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti jọ ṣàdéhùn pé ibi tí àrùn àjèjì bá ti yọjú, wọ́n gbọ́dọ̀ ta àwọn yòókù lólobó kíákíá, kí wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ńlá tó lè dá àrùn náà mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dá a mọ̀ ni oògùn tó máa gbéra. Ọ̀sán òní ni ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbé ẹ̀jẹ̀ náà yóò gbéra, kò sì sí òmíràn títí di ọjọ́ mẹ́rin. Dókítà ti sọ fún Pẹ̀lẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè dúró de ọjọ́ mẹ́rin.

"Ta ló di àpótí yìí?"

"Èmi ni, sà," ni ọmọbìnrin ilé àyẹ̀wò dáhùn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni mo fi èdìdì dì í, mo sì kọ nọ́ńbà èdìdì sínú ìwé. Láàárọ̀ yìí, nọ́ńbà tí mo bá lára rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo kọ. Ni mo bá figbe ta."

"Ibo lẹ ń kó èdìdì sí?"

"Inú dúrọ́ọ̀ yẹn, sà. Kò ní kọ́kọ́rọ́."

Pẹ̀lẹ́ yíjú sí awakọ̀ tó fẹ́ gbé àpótí náà lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Hà, ọ̀gá! Èmi tí mi ò lè ṣí agolo mílíìkì kí n má gé ara mi lọ́wọ́? Ìyàwó mi ló ń bá mi ṣí i! Ẹ bi ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ bá gbé abẹ́rẹ́ jáde níbí, á tú àpò yín. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan jáde."

"A jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà nínú ilé," ni Pẹ̀lẹ́ wí, "tàbí kí wọ́n ti dà á nù."

Bàbá Yìnyín, tó ti ń tọ́jú yàrá òtútù láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gbé àga wá fún un. "Ọmọ mi, jókòó. Ojú rẹ ti wọnú."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Fíríìjì mélòó lẹ ní?"

"Méjì. Ẹ̀kẹta yẹn ti kú láti ìgbà òjò." Lóòótọ́, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé ó ti bàjẹ́.

Pẹ̀lẹ́ jókòó, ó dijú, ó ń bá orin rẹ̀ lọ. Ó dà bíi pé ẹnìkan ń bá a gbè é níbi jíjìn, bí ègbè àwọn akọrin nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó dákẹ́. Ègbè kò dákẹ́. Ó dìde, ó ń tẹ̀ lé ohùn náà bí ẹni tó ń rìn lójú oorun, títí ó fi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara fíríìjì kẹta. Ara fíríìjì náà ń gbọ̀n jẹ́jẹ́: ó ń ṣiṣẹ́.

Káàdì ń rọ̀ lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n òtútù sí láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà òjò, òfìfo ni. Lẹ́yìn náà, ìlà méjì: ìrọ̀lẹ́ àná, àárọ̀ òní.

"Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́, "ta ló ń kọ ìwọ̀n òtútù fún fíríìjì tó ti kú?"

Bàbá Yìnyín wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ náà ló dalẹ̀ òun.

"Ẹni tó bá fẹ́ ba ẹ̀jẹ̀ yìí jẹ́ á dà á nù ni," ni Pẹ̀lẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹni tó mú un fẹ́ fi í pamọ́ ni. Ẹ tún fíríìjì ṣe, ẹ ò wí fún ẹnì kankan. Ẹ rọ omi sí ìgò mìíràn, ẹ wá fi èdìdì tuntun dì í. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń kọ káàdì láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ sínú òtútù kó má kọ ọ́ sílẹ̀."

Omi lé ròrò lójú bàbá náà. "Ọkọ̀ òkun tí ọmọ mi wà nínú rẹ̀ ń gúnlẹ̀ lọ́la. Ọdún mẹ́ta ni mi ò rí i. Bí wọ́n bá ti dá àrùn yìí mọ̀, wọ́n á ti èbúté, wọ́n á lé e padà. Mo ní kó kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Èmi, tọmọ mi ni mo kọ́kọ́ gbọ̀n."

"Iná tí ẹ gbọ̀n nù, Bàbá, ara ẹ̀gbọ́n mi ló bọ́ sí."

Pẹ̀lẹ́ nawọ́ sí ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká lára ògiri. "Ojoojúmọ́ lẹ ń kọjá lára àdéhùn yìí. Ó ní kí wọ́n má ṣe lé ọkọ̀ padà láìnídìí. Wọ́n á ní kó dúró lójú omi, dókítà á lọ yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Ọmọ yín ì bá dé. Ì bá kàn pẹ́ díẹ̀ ni."

Ọlọ́pàá kan tó bá Pẹ̀lẹ́ wá mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. "Dúró ná," ni Pẹ̀lẹ́ wí. "Jẹ́ kí Bàbá parí iṣẹ́ wọn."

Bàbá Yìnyín kó ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sínú àpótí, ọmọbìnrin náà sì fi èdìdì dì í. Bàbá mú bírò, ó kọ wákàtí àti ìwọ̀n òtútù sórí káàdì, ó fọwọ́ sí i. Káàdì yẹn ni wọ́n gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

"Lónìí, mi ò wa mọ́tò," ni awakọ̀ pariwo bó ṣe ń gbé àpótí sáré. "Ẹyẹ ni mò ń wà!"

Ní ọ̀sán, ọkọ̀ òfuurufú kan dún kọjá lókè ìkùukùu; kò sẹ́ni tó rí i. Pẹ̀lẹ́ dúró lẹ́yìn gíláàsì yàrá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n gbé ìka kan sókè, ó ń bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ náà ti lọ. Pẹ̀lẹ́ nawọ́ sí ojú ọ̀run. Ẹ̀gbọ́n dijú, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ohùn kò gba inú gíláàsì kọjá, ṣùgbọ́n Pẹ̀lẹ́ mọ orin náà. Ó gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń bá a kọ ọ́ lọ.